Ìkánjú Kò Gbọ́dọ̀ Pa Ìbéèrè: Ìlànà Ìjíròrò Lórí Owó Pàjáwìrì ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin

  

Ọ̀rọ̀ tí a gbé lé mi lọ́wọ́ lónìí jẹ́ ọ̀rọ̀ owó, ó sì jẹ́ ọ̀rọ̀ ìjíròrò. Kò sí ẹgbẹ́ kan níhìn-ín tí kò mọ ohun tí ètò ìṣúná jẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, a ó kọ ohun tí a retí pé yóò wọlé, a ó kọ ohun tí a fẹ́ ná an lé lórí, gbogbo ìjókòó yóò sì fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ọdún kì í rìn bí a ti kọ ọ́ sínú ìwé. Odò a kún, àìsàn a bẹ́ sílẹ̀, ọjà a jóná, oúnjẹ a gbówó lórí. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ìjọba a nílò owó tí kò sí nínú ètò ìṣúná. Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí a jọ dáhùn ni èyí: nígbà tí àbá òfin irú owó bẹ́ẹ̀ bá dé iwájú àwọn aṣòfin, ta ni ó ń pinnu bí ìjíròrò yóò ti pẹ́ tó, àtúnṣe tí a lè ṣe sí i, àti ohun tí ará ìlú yóò mọ̀ kí owó tó jáde?

OHUN TÍ ÒFIN SỌ, ÀTI OHUN TÍ KÒ SỌ

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí Ìwé Òfin Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti ọdún 1999. Abala 80 sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ yọ owó kúrò nínú àpò àpapọ̀ ìjọba, àfi bí Ìwé Òfin náà fúnra rẹ̀ tàbí òfin tí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àpapọ̀ ṣe bá fún un láṣẹ. Abala 81 wá sọ̀rọ̀ nípa ọjọ́ àìròtẹ́lẹ̀. Bí owó tí a yà sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ kan kò bá tó, tàbí bí ìnáwó kan bá yọjú tí a kò ya kọ́bọ̀ sọ́tọ̀ fún, a ó gbé ìṣirò àfikún wá síwájú Ilé méjèèjì, a ó sì sọ ọ́ di àbá òfin àfikún ètò ìṣúná. Abala 83 ṣí ilẹ̀kùn kan sí i. Ó ní àwọn aṣòfin lè fi òfin dá àpò owó pàjáwìrì sílẹ̀, kí Ààrẹ lè mú owó nínú rẹ̀ bí ó bá dá a lójú pé ìnáwó kánjúkánjú tí a kò rí tẹ́lẹ̀ ti dé, tí kò sì sí owó mìíràn fún un. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti mú un, a gbọ́dọ̀ tètè gbé ìṣirò àfikún wá síwájú àwọn aṣòfin kí a lè dá owó náà padà sínú àpò. Irú àṣẹ kan náà ni abala 120, 121 àti 123 pa fún àwọn ìpínlẹ̀, níbi tí Gómìnà ti dúró ní ipò Ààrẹ, tí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìpínlẹ̀ sì dúró ní ipò ti Àpapọ̀.

Ẹ wá wo ohun tí Ìwé Òfin kò sọ. Kò sọ iye wákàtí tí a gbọ́dọ̀ fi jíròrò. Kò sọ iye ọjọ́ tí ìwé ìṣirò gbọ́dọ̀ fi wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ Ilé kí wọ́n tó dìbò. Abala 60 fi gbogbo èyí lé Ilé kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́: òun ni yóò ṣe ìlànà ìjókòó tirẹ̀. Ohun tí a fi dandan lé kò pọ̀. Abala 54 ní ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn ọmọ Ilé gbọ́dọ̀ wà ní ìjókòó. Èyí jẹ́ 37 nínú àwọn 109 tí ó wà ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà, àti 120 nínú àwọn 360 tí ó wà ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣojú-ṣòfin. Abala 56 sì ní ìhà tí ìbò rẹ̀ bá pọ̀ jù láàárín àwọn tí ó wà níbẹ̀ tí wọ́n sì dìbò ni yóò borí. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Bí 120 aṣojú bá jókòó, tí gbogbo wọn sì dìbò, 61 lè fọwọ́ sí owó tí ó jẹ́ ti gbogbo wa. Òfin kò rí àléébù nínú èyí. Ohun tí ó lè sọ ọ́ di ohun tí ọkàn ará ìlú balẹ̀ sí ni ìlànà ìjíròrò tí ó ṣáájú ìbò náà.

ÌGBÉSẸ̀ TÍ ÀBÁ ÒFIN Ń GBÀ

Lójoojúmọ́, àbá òfin a máa gba kíkà mẹ́ta kọjá. Ní kíkà àkọ́kọ́, orúkọ àbá náà nìkan ni a óò kà, kí gbogbo Ilé lè mọ̀ pé ó ti dé. Ní kíkà kejì, a ó jíròrò lórí ìdí rẹ̀: ǹjẹ́ ó yẹ kí a ṣe nǹkan yìí rárá? Lẹ́yìn náà ni yóò lọ sọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ tẹ́ẹ́kótó, níbi tí a ti ń tú u wò ní ìlà kọ̀ọ̀kan, tí a sì ń pe àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba wá ṣàlàyé iye owó tí wọ́n kọ. Bí ó bá padà dé, tí Ilé sì gba àtúnṣe tí ó wà nínú rẹ̀, kíkà kẹta àti ìbò ìkẹyìn ni yóò tẹ̀lé e.

Àwọn ọjọ́ tí ó wà láàárín ìgbésẹ̀ kan sí èkejì kì í ṣe ìfàsẹ́yìn lásán. Inú wọn ni akọ̀ròyìn ti ń ka ìwé, tí onímọ̀ ìṣirò ti ń bi ìjọba léèrè, tí ẹgbẹ́ bíi tiyín ti ń ránṣẹ́ sí aṣojú rẹ̀. Ní ọjọ́ pàjáwìrì, a máa ń pa àwọn ọjọ́ wọ̀nyí pọ̀. Ọmọ Ilé kan a dìde, a dábàá pé kí a dá ìlànà dúró fún ìgbà díẹ̀. Òmíràn a kín in lẹ́yìn. Bí Ilé bá gbà á, kíkà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè wáyé ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Kò sí ohun tí ó lòdì sí òfin nínú rẹ̀. Nígbà mìíràn òun gan-an ni ó yẹ. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní a kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀ lójú wa.

OWÓ ÌKÚN OMI ỌDÚN 2022

Ní ọdún 2022, omi bo ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìlú àti oko ní Nàìjíríà. Ó lé ní 600 ènìyàn tí ó kú, ó sì lé ní mílíọ̀nù kan tí omi lé kúrò nílé. Àwọn tí ń gbé ní Lọ́kọ́ja, níbi tí odò Ọya àti odò Bẹ́núé ti pàdé, kò tíì gbàgbé bí títì ti di odò. Ní ìparí ọdún náà, Ààrẹ béèrè àfikún bílíọ̀nù 819.5 náírà, pàápàá láti tún ohun tí omi bàjẹ́ ṣe. Àwọn aṣòfin fọwọ́ sí i nígbà tí oṣù Kejìlá ń lọ sópin, Ààrẹ sì buwọ́ lù ú ní ọjọ́ kẹta oṣù Kìíní ọdún 2023.

Ní oṣù Keje ọdún 2023, nǹkan yí padà. Ìjọba tuntun ti dé, a ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù, owó ọkọ̀ àti ti oúnjẹ sì ti lọ sókè. Ààrẹ kọ̀wé sí àwọn aṣòfin pé kí wọ́n tún òfin àfikún náà ṣe, kí a lè mú bílíọ̀nù 500 náírà nínú rẹ̀ fi mú ìnira ará ìlú fúyẹ́. Ní ọjọ́ kejìlá oṣù náà ni a ka lẹ́tà náà. Ní ọjọ́ kẹtàlá ni àbá òfin náà kọjá. Bí a ṣe tún bílíọ̀nù 819.5 náà pín nìyí: bílíọ̀nù 500 fún mímú ìnira fúyẹ́, nǹkan bí bílíọ̀nù 185 fún Ilé-iṣẹ́ Iṣẹ́ Òde láti tún ohun tí omi bàjẹ́ ṣe, bílíọ̀nù 19.2 fún ètò ọ̀gbìn. Bílíọ̀nù 35 fún Ìgbìmọ̀ Ìdájọ́ Orílẹ̀-èdè. Bílíọ̀nù 10 fún Olú-ìlú Àpapọ̀ ní Àbújá. Àti bílíọ̀nù 70 fún Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àpapọ̀ fúnra rẹ̀.

Èmi kò dìde láti dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ó ṣeé ṣe kí ìnáwó kọ̀ọ̀kan nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ní ìdí tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a béèrè bí ọmọ onílé: mélòó nínú wọn ni kò lè dúró de ètò ìṣúná ọdún tí ó tẹ̀lé e? Ìkún omi ni a fi ṣí ilẹ̀kùn ní àkọ́kọ́. Ìnira epo ni a fi ṣí i lẹ́ẹ̀kejì. Ìnáwó mìíràn sì bá wọn wọlé. Iṣẹ́ kíkà kejì àti ti ìgbìmọ̀ tẹ́ẹ́kótó ni láti béèrè irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ní gbangba. Ọjọ́ kan kò sì tó kí ẹgbẹ́ kan fi pe ìpàdé, áńbọ̀sì kí ó kọ lẹ́tà.

OHUN TÍ ÌWÉ TÍ Ó HÀN LÈ ṢE

Ẹ jẹ́ kí a fi èyí wé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ìparí ọdún 2023 kan náà. Ààrẹ béèrè àfikún tírílíọ̀nù 2.17 náírà fún ààbò, owó òṣìṣẹ́, títún afárá ṣe àti àwọn nǹkan mìíràn. Àbá náà dé ọ̀dọ̀ àwọn aṣòfin ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá. Ó kọjá ní ọjọ́ kejì oṣù Kọkànlá. Ààrẹ buwọ́ lù ú ní ọjọ́ kẹjọ. Eré ni wọ́n sá níbẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n àwọn akọ̀ròyìn rí ìwé ìṣirò náà, wọ́n sì kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Wọ́n bá bílíọ̀nù 5 náírà nínú rẹ̀ fún ọkọ̀ ojú omi Ààrẹ. Ìlú sọ̀rọ̀. Nígbà tí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣojú-ṣòfin fọwọ́ sí àbá náà, ìgbìmọ̀ rẹ̀ lórí ètò ìṣúná kéde pé àwọn ti gbé bílíọ̀nù 5 náà kún owó ẹ̀yáwó àwọn akẹ́kọ̀ọ́, tí ó fi di bílíọ̀nù 10.

Ẹ̀kọ́ wà nínú èyí. Ọjọ́ tí a fi jíròrò kò pọ̀, síbẹ̀ ìbéèrè rí àyè, nítorí pé ìwé ti hàn kí ìbò tó wáyé. Kì í ṣe gígùn ọjọ́ nìkan ni ó ń dáàbò bo owó ìlú. Bí a bá jókòó fún oṣù mẹ́ta lórí ìwé tí ẹnikẹ́ni kò rí, òkùnkùn ni a ṣì wà.

BÍ WỌ́N TI Ń ṢE É NÍ AMẸ́RÍKÀ

Ètò ìjọba tí ó ní Ààrẹ tí a bẹ̀rẹ̀ sí lò ní ọdún 1979 fara jọ ti Amẹ́ríkà, nítorí náà ó tọ́ kí a yọjú wo ibẹ̀. Ilé Aṣojú-ṣòfin wọn ní ìgbìmọ̀ kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìlànà ìjíròrò. Kí a tó jíròrò lórí àbá òfin ńlá kan, ìgbìmọ̀ yìí a kọ ìpinnu kan tí yóò sọ iye wákàtí tí ọ̀rọ̀ yóò gbà, bí ẹgbẹ́ tí ó pọ̀ jù àti ẹgbẹ́ alátakò yóò ti pín wákàtí náà, àti àtúnṣe tí a lè dá lábàá. Ilé a kọ́kọ́ dìbò lórí ìpinnu yìí kí ó tó kan àbá òfin gan-an. Ìlànà náà ní àléébù, nítorí ẹgbẹ́ tí ó pọ̀ jù ni ó ń darí ìgbìmọ̀ náà, ó sì lè fi í pa alátakò lẹ́nu mọ́. Ṣùgbọ́n ó ní àǹfààní kan: a kọ ìlànà ọjọ́ náà sílẹ̀, ẹni tí ó fẹ́ gé ìjíròrò kúrú sì ti fi ìbò rẹ̀ hàn.

Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹwàá ọdún 2012, ìjì líle tí a pè ní Sandy kọlu New Jersey àti New York. Ilé Aṣòfin Àgbà wọn fọwọ́ sí nǹkan bí bílíọ̀nù 60 dọ́là ní ọjọ́ 28 oṣù Kejìlá. Àwọn kan ní Ilé kejì ṣàròyé pé owó tí kò kan ìjì náà wà nínú rẹ̀, sáà àwọn aṣòfin náà sì parí láìdìbò. Inú bí àwọn tí ilé wọn ti wó. Nígbà tí Ilé tuntun jókòó ní oṣù Kìíní ọdún 2013, ó pín ọ̀rọ̀ náà sí wẹ́wẹ́. Ní ọjọ́ kẹrin, ó fọwọ́ sí bílíọ̀nù 9.7 dọ́là kí a lè san owó adójútòfò fún àwọn tí omi ba ilé wọn jẹ́. Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, ó mú ìyókù wá: bílíọ̀nù 17 fún ohun tí kò lè dúró, àti bílíọ̀nù 33.7 gẹ́gẹ́ bí àtúnṣe tí a dìbò lé lórí lọ́tọ̀. Ọmọ Ilé kan dábàá pé kí a gé ìnáwó mìíràn láti fi dí bílíọ̀nù 17 náà. Ìbò 162 lòdì sí 258 ni ó fi fìdí rẹmi. Ìbò 241 lòdì sí 180 ni gbogbo rẹ̀ fi kọjá, Ààrẹ wọn sì buwọ́ lù ú ní ọjọ́ 29 oṣù náà.

Oṣù mẹ́ta gbáko ni ó gbà wọ́n, ìyà sì jẹ ènìyàn láàárín rẹ̀. Èmi kò ní kí a kọ́ ìyẹn lára wọn. Ohun tí ó yẹ kí a mú ni pípín tí wọ́n pín in. Èyí tí kò lè dúró ṣáájú, èyí tí àríyànjiyàn wà lórí rẹ̀ gba ìbò tirẹ̀, orúkọ ẹni tí ó ní bẹ́ẹ̀ ni àti ẹni tí ó ní bẹ́ẹ̀ kọ́ sì wà ní àkọsílẹ̀.

OHUN MẸ́RIN TÍ ÌKÁNJÚ KÒ GBỌ́DỌ̀ MÚ KÚRÒ

Mo mọ̀ pé ẹnìkan lè dìde kí ó wí pé, “Omi ti dé ọrùn ènìyàn, ẹ̀yin ń sọ̀rọ̀ ìlànà.” Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ìdí tí abala 83 fi wà nìyẹn, kí owó ìgbàlà lè ṣáájú kí àlàyé sì tẹ̀lé e láìpẹ́. Pàjáwìrì lè gé ọ̀rọ̀ àsọyé kúrú. Kò gbọ́dọ̀ pa ìbéèrè. Ohun mẹ́rin ni mo rò pé ó yẹ kí ó wà nínú ìlànà ìjókòó gbogbo ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wa, ti Àpapọ̀ àti ti ìpínlẹ̀.

Èkínní, kí ìwé hàn. Ní ọjọ́ tí a bá ka lẹ́tà Ààrẹ tàbí ti Gómìnà, kí ìṣirò ní kíkún, ní ìlà kọ̀ọ̀kan, wà lọ́wọ́ ọmọ Ilé àti lójú ará ìlú kí ìbò tó wáyé.

Èkejì, kí ìlà kọ̀ọ̀kan dáhùn fún ara rẹ̀: kí ni ìdí tí èyí kò fi lè dúró de ètò ìṣúná ọdún tí ń bọ̀? Èyí tí kò bá ní ìdáhùn, kí ó jáde kúrò nínú àbá pàjáwìrì.

Ẹ̀kẹta, kí a lè yọ ohun tí àríyànjiyàn wà lórí rẹ̀ sọ́tọ̀, kí a dìbò lé e lórí fúnra rẹ̀. A kò gbọ́dọ̀ fi oúnjẹ ẹni tí ebi ń pa di ẹrù mọ́ ohun mìíràn, kí a wá ní ẹni tí ó bá kọ ẹrù náà kórìíra ẹni tí ebi ń pa.

Ẹ̀kẹrin, kí ọjọ́ ìjábọ̀ wà nínú òfin náà. Abala 85 fún Olùyẹ̀wò Ìṣirò Owó Àgbà ní iṣẹ́ láti yẹ ìwé owó ìjọba wò. Abala 88 fún àwọn aṣòfin ní agbára láti wádìí bí a ti ná an. Agbára tí kò ní ọjọ́ a máa sùn.

Ọjọ́ tí ara tu gbogbo ènìyàn ni ó yẹ kí a kọ ìlànà bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tí iná bá ń jó kọ́ ni à ń gbẹ́ kànga.

IPA TIYÍN

Ọ̀pọ̀ nínú yín ń gbé ní ìlú tí kì í ṣe ìlú baba yín. Ibi tí ẹ ti ń dìbò ni aṣojú yín wà. Ẹ má ṣe jókòó de aṣojú ilé nìkan. Bí ẹ bá gbọ́ pé àfikún ètò ìṣúná ń bọ̀, ẹ kọ lẹ́tà kan tí kò ju ojú ewé kan lọ sí aṣojú yín, kí ẹ béèrè ohun mẹ́rin tí mo kà sílẹ̀ yìí. Bí owó bá ti jáde, Òfin Òmìnira Ìròyìn ti ọdún 2011 fún yín ní ẹ̀tọ́ láti béèrè àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ ìjọba, ọjọ́ méje ni ó sì fún wọn láti fi dáhùn.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí èdè dí yín lọ́wọ́. Abala 55 sọ pé Gẹ̀ẹ́sì ni a ó fi ṣe iṣẹ́ Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àpapọ̀, àti Haúsá, Ìgbò àti Yorùbá nígbà tí a bá ti ṣe ètò tí ó tó fún un. Abala 97 gba àwọn ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ láàyè láti fi èdè tí a ń sọ ní ìpínlẹ̀ wọn kún Gẹ̀ẹ́sì. Ẹgbẹ́ tí ó bá béèrè pé kí a ṣàlàyé owó ìlú ní èdè tí ìyá arúgbó gbọ́ kò tọrọ ojúrere. Ohun tí Ìwé Òfin ti fojú sí ni ó ń béèrè.

Paríparí rẹ̀, ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Ẹ lọ wo ìwé òfin ẹgbẹ́ yín. Bí ọmọ ẹgbẹ́ bá ṣàìsàn lójijì, tàbí tí gbọ̀ngàn bá jóná, èló ni alága lè ná kí ó tó pe ìpàdé? Ọjọ́ mélòó ni ó ní láti jábọ̀? Ta ni yóò ka rísíìtì? Ẹgbẹ́ tí ó bá ti dáhùn ìbéèrè wọ̀nyí fún ara rẹ̀ yóò mọ bí a ti ń bi ìjọba, aṣojú kò sì ní lè sọ fún un pé ìbéèrè náà le jù.

Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Kí Olódùmarè má ṣe jẹ́ kí a rí ìjàǹbá. Bí ó bá sì dé, kí ó bá wa pẹ̀lú ìlànà tí ó dára àti ẹnu tí ó lè béèrè.